Pátákó Ẹ̀yìn Ọjà

"Wolé-wolé dé o!"

Bí wọ́n ti kígbe yìí, ọjà Ìlobù fọ́n ká. Obìnrin kan da odindi ìkòkò omi nù kí wọ́n má baà bá tanwíjí nínú rẹ̀. Bàbá kan tó lóṣòó sẹ́yìn ògiri fò dìde, ó fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, ó gba inú oko ẹ̀gẹ́ lọ. Mọ́ríátù nìkan ni kò sá. Ẹ má pe ìyẹn ní ìgboyà o; ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ̀ tí kò gbé e. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń rán fìlà, ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ níka, kò sì mọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi kan aṣọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bọ̀ gun kẹ̀kẹ́. Kakí ọrùn rẹ̀ le gbagidi, ó so pátákó kan mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà. Ó ga, ó dúdú, ó rí rèǹtè-rente, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá aṣọ rẹ̀ mu. Ojú ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó ń bẹ̀rù pé òun lè ṣì í jẹ́ ni.

Ọdún tí wọ́n sọ ilé-ìwé di ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ọdún yẹn náà ni òfin dé pé ẹnikẹ́ni tó bá tọ̀ tàbí tó bá gbọnsẹ̀ láàárín ìlú, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìn ọjà, ìbáà jẹ́ ẹ̀bá mọ́sáláṣí, kóòtù ni yóò ti lọ sọ tẹnu rẹ̀. Kí oníkálukú gbẹ́ ṣáláńgá sílé. Àwọn kan ti fi ọjọ́ méje ṣẹ̀wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ò mọ bí ẹ̀rù ṣe ba ìlú lọ́dún náà. Àgbàlagbà á wo ọ̀tún, á wo òsì, kó tó ṣe ohun tí ewúrẹ́ ń ṣe láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Wolé-wolé dúró níbi ààtàn tó dojú kọ ilé wọn, ó ri pátákó mọ́lẹ̀, ó fi òkúta gbá a wọlé. Ọ̀dà funfun ló fi kọ ọ́, lẹ́tà ńlá ńlá: MA TO SIBI.

Mọ́ríátù ti kàwé dé kíláàsì kẹrin kó tó lọ kọ́ṣẹ́ fìlà. Ó ka pátákó náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ẹ̀rín sì borí ẹ̀rù. Ó fi fìlà bo ẹnu, ó ti pẹ́ jù.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Wolé-wolé ti dé iwájú rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ wìì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, sà. Ohun tí ẹ kọ ni."

"Kí ni mo kọ?"

"Ẹ ní ká máa tọ̀ síbí."

"Èmi? Má tọ̀ síbí ni mo kọ!"

"Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn yín, sà. Pátákó ò mọ̀ ọ́n. Ẹlòmíràn tiẹ̀ lè kà á pé ká má tò síbí, bí àwọn tó ń dúró de dókítà."

Ọmọkùnrin náà yíjú wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó mi ẹnu jẹ́jẹ́, ó kà á sọ́tùn-ún, ó kà á sósì. "Yéè! Mo gbé," ó wí, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀ tí Mọ́ríátù fi gbàgbé pé ìjọba ni. "Kí lorúkọ rẹ?"

Ẹ̀rù padà dé. "Ṣé ẹ fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé yín ni?"

"Rárá o. Ibi tí mo fẹ́ kọ ọ́ sí, ọ̀gá mi kì í yẹ̀ ẹ́ wò."

Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọkùnrin! Ọlábánjí lorúkọ tirẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ òun á mú ọ̀dà wá, òun á tún un kọ, kò sì sí ẹni tó máa lè kà á gba ibòmíràn.

Ó mú ọ̀dà wá lóòótọ́. Ó mú un wá lọ́jọ́ ọjà yẹn, ó mú un wá lọ́jọ́ ọjà kejì, àti ìkẹta. "Mo wá tún pátákó ṣe" ni ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kí i. Lẹ́yìn náà á fìdí kalẹ̀ sórí òkúta ẹnu ọ̀nà, á máa wo ọwọ́ Mọ́ríátù bó ṣe ń kó abẹ́rẹ́ wọlé kó abẹ́rẹ́ jáde, títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì gan-an gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Wolé-wolé mi, ìgbà wo lo máa kọ ọ́?" Mọ́ríátù béèrè lọ́jọ́ kan. Wọ́n ti kúrò ní "ẹ" nígbà náà, bí kò bá ti sí ẹnìkan nítòsí.

"Tí mo bá tún un kọ tán, kí ni n ó máa rí wí nígbà tí mo bá ń bọ̀?"

Ìyẹn dùn létí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ ní Òṣogbo kò mọ̀ nípa ìfẹ́. Nígbà tó bi í léèrè ohun tó ń wá ṣe ní Ìlobù lọ́jọ́ ọjà, Ọlábánjí kọ ọ́ sínú ìwé ọ́fíìsì pé òun ti tún pátákó kọ. Irọ́ kékeré, ó rò bẹ́ẹ̀. Irọ́ ò ní kékeré, àbí ó ní?

Ẹ̀rù kan tún wà tó ju ti ìwé lọ. Ọmọ Ìfọ́n ni Ọlábánjí. Ọjọ́ tó sọ ọ́ fún Mọ́ríátù, ìyẹn fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Má jẹ́ kí bàbá mi gbọ́!" Oko obì bàbá rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ ààlà tí Ìlobù àti Ìfọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ó ti di ọdún mẹ́fà tí kò sí ẹni tó lè wọ ibẹ̀ ká obì. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Ìfọ́n létí bàbá náà, kò ní í jẹun mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Kẹ̀kẹ́ á sì gbé ènìyàn débẹ̀ kó tó làágùn! Ìlú tó súnmọ́ ara wọn tó báyìí, wo bí wọ́n ṣe jìnnà.

Bàbá Ládánì ni gbogbo ìlú ń pe bàbá Mọ́ríátù, nítorí òun ló ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí ẹ̀yìn ọjà. Ogún ọdún ló ti ń pè é. Ohùn náà mọ́, ó ń dún dé odò Erinlẹ̀, àwọn tó wà lóko fi ń mọ àkókò. Kò lọ́lá, kò sì joyè. Ohùn yẹn ni ó ní.

Ọjọ́ orí kò jẹ́ kó gbádùn. Ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, á mú un lójijì, á sì kọ̀ láti dúró de ẹnikẹ́ni. Mọ́ríátù mọ̀ ọ́n. Ojoojúmọ́ ni àyà rẹ̀ ń já bí bàbá bá ti ń ti mọ́sáláṣí bọ̀ pẹ̀lú bútà lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí ẹ̀rù yẹn dé, ọjọ́ ọjà ni, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ọ̀gá Amos, àgbà wolé-wolé láti Òṣogbo, wá fúnra rẹ̀ láti wo iṣẹ́ tí Ọlábánjí ṣe. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀yìn ọjà wá. Lápá kejì, Bàbá Ládánì ń bọ̀ láti mọ́sáláṣí. Ilé kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé e. Mọ́ríátù rí i tí bàbá dúró, tó fi ẹsẹ̀ lọ́ ẹsẹ̀, tó wo ẹ̀yìn, tó lóṣòó sí ìdí pátákó pẹ̀lú bútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ta nìyẹn?" Ọ̀gá Amos bú ramúramù.

"Arúgbó ni, sà," Ọlábánjí dáhùn. Ó ti mọ ẹni tó jẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kó máa lọ."

"Àgbà ni òfin kọ́kọ́ ń mú, kí ọmọdé lè gbọ́n. Lábẹ́ pátákó ìjọba? Kọ orúkọ rẹ̀! Ìwọ náà rí i, ìwọ ni n ó fi ṣe ẹlẹ́rìí."

Bàbá Ládánì dìde. Omi bútà ti dà sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọlábánjí kọ orúkọ náà kó tó ṣe é kà, bẹ́ẹ̀ ni Mọ́ríátù ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú omi lójú.

Láti ọjọ́ náà, bàbá kò fi oúnjẹ kan ẹnu tán. "Ọjọ́ méje lẹ́wọ̀n kò bà mí lẹ́rù," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n tí kóòtù bá ní mo jẹ̀bi, ta ni yóò gbọ́ ohùn mi kó dìde kírun? Wọ́n á ní, ṣé ládánì tó ń tọ̀ sójú ọjà ló ń pè wá sí ìmọ́tótó? Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Mọ́ríátù, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi."

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ kóòtù, Mọ́ríátù ń fọṣọ létí Erinlẹ̀ nígbà tí Ọlábánjí bá a níbẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn.

"Ẹnu rẹ ni wọ́n máa fi mú bàbá mi lọ́la," Mọ́ríátù wí.

"Mo mọ̀."

"Sọ pé o ò rí i."

"Ọ̀gá mi rí i. Wọ́n á dá bàbá lẹ́bi náà ni, wọ́n á sì mú mi fún ìbúra èké."

Mọ́ríátù fún aṣọ lọ́wọ́ títí kò fi sí omi nínú rẹ̀ mọ́. "Tí mo bá dìde sọ fún wọn bí wọ́n ṣe lè ka pátákó yẹn ńkọ́?"

Ọlábánjí mi orí. "Mo ti kọ sínú ìwé pé mo ti tún un kọ, ó ti tó oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀ pé irọ́ ni, mo kúrò nínú iṣẹ́ ìjọba nìyẹn títí ayé. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń tọ́jú ìyá mi."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Bánjí. Bàbá mi nìyí, ìwọ rè é. Èwo ni n ó gbé sọnù?"

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ó wí. Ó bá a gbé garawa aṣọ dé orí òkè, wọ́n sì pínyà láìdágbére.

Kóòtù kún lọ́jọ́ kejì bí ẹni pé wọ́n ń pín nǹkan. Bàbá Ládánì dúró nínú àpótí ẹlẹ́jọ́, ó wọ agbádá tó fi ń kí Yídì. Ọ̀gá Amos sọ tirẹ̀, ó sọ ọ́ kedere. Adájọ́ bi bàbá léèrè.

"Olúwa mi, mo tọ̀," Bàbá Ládánì dáhùn. "N kò lè purọ́. Ara ló dà mí."

Gbogbo ilé hó yéè. Mọ́ríátù di ọwọ́ mọ́ àyà.

"Ǹjẹ́ ìkìlọ̀ wà níbẹ̀?" adájọ́ béèrè.

"Ó wà, sà! Pátákó ìjọba," Ọ̀gá Amos wí. Akódà gbé pátákó náà wọlé, ìdọ̀tí ààtàn ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹlẹ́rìí, ìwọ lo rì í síbẹ̀. Kà á sí kóòtù létí."

Ọlábánjí jáde síwájú. Ó wo lẹ́tà funfun mẹ́jọ tó kọ. Bí ó bá kà á bó ṣe wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń kọ ọ́, iṣẹ́ ṣì wà, kakí ṣì wà, ìyá ṣì ń jẹun. Àgbà kan á sì padà sílé láìní ohùn. Mọ́ríátù ti dìde dúró lẹ́yìn láìmọ̀, ẹnu rẹ̀ ti yà, ó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ọlábánjí kò jẹ́ kó sọ ọ́. "Máa tọ̀ síbí," ó kà á sókè.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn na ọrùn wo pátákó náà.

"Irọ́!" Ọ̀gá Amos fò sókè. "Má tọ̀! Má ni!"

Adájọ́ ní kí akọ̀wé kóòtù wò ó. Akọ̀wé gbé awò ojú sókè, ó gbé e sílẹ̀. "Olúwa mi, méjèèjì ló ṣe é kà. Tí a bá ní kí n tẹ̀ lé e, n ò mọ èyí tí mo máa tẹ̀ lé." Ẹ̀rín bẹ́, akódà lu tábìlì títí wọ́n fi dákẹ́.

"Ṣé kò sí ẹni tó kìlọ̀ fún ọ?" adájọ́ bi Ọlábánjí.

"Wọ́n kìlọ̀ fún mi, sà. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé mo ti tún un ṣe, n kò tún un ṣe."

"Ta ló kìlọ̀ fún ọ?"

Ó tẹrí ba.

"Èmi ni, sà," Mọ́ríátù wí láti ẹ̀yìn, ó sì kúnlẹ̀.

Bàbá Ládánì yí orí padà. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo wolé-wolé, ó tún wo ọmọ rẹ̀. Àgbà kì í pẹ́ kó tó mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mọ́ríátù rí i tí ojú bàbá rẹ̀ ṣú.

Adájọ́ ní òfin tí kò mọ ohun tó ń sọ, wọn ò lè fi mú arúgbó. "Bàbá, ẹ máa lọ ilé yín, ẹ ò jẹ̀bi." Ní ìta, lójú gbogbo ènìyàn, Ọ̀gá Amos gba fìlà ìjọba lórí Ọlábánjí, ó sì gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ohùn Bàbá Ládánì dún dé Erinlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé, iná ti jó. "Ọmọ ta ni?" ó bi Mọ́ríátù. Ìgbà tó gbọ́ Ìfọ́n, ó gbá ọwọ́ mọ́ orí. "Ìfọ́n! Gbogbo ọmọ tó wà láyé! N kò fẹ́ rí ẹsẹ̀ rẹ lẹ́nu ọ̀nà yẹn mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni o ti máa rán fìlà."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá. Sìkírátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló mú ìròyìn wá pé Ọlábánjí ti rí iṣẹ́ kùsà ní Jọ́ọ̀sì, pé lọ́túnla ni yóò wọ ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo. Mọ́ríátù ya bébà, ó mú pẹ́ńsù. Ọkàn rẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀, ẹ̀rù bàbá kò jẹ́ kó ju méjì lọ. Ó fi í sínú fìlà tó ti ń rán láti ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ gún un, Sìkírátù sì fi í sábẹ́ aṣọ gbé e lọ sí Ìfọ́n.

Ọlábánjí ṣí bébà náà níwájú ìyá rẹ̀, Ìyáàfin Rhoda, opó tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́tà ńlá ńlá ni: MA LO.

Ẹ wo ọmọ yìí! Ẹni tó fi pátákó onípátákó rẹ́rìn-ín.

"Máa lọ," Ìyáàfin Rhoda kà á. "Ó yé mi. Àwọn ará Ìlobù ti lé ọ. Di ẹrù rẹ, kí o máa lọ, ọmọ mi."

Ọlábánjí kà á di ìgbà ogún. Nígbà mìíràn ó gbọ́ ọ bí ẹ̀bẹ̀, nígbà mìíràn bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Bí ó bá jókòó tó sì jẹ́ pé lílé ni wọ́n lé e, ìtìjú ni. Bí ó bá lọ tó sì jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ ni, ó ti pa ọmọbìnrin náà. Lọ́jọ́ ọkọ̀ náà, ó gbé àpótí rẹ̀ lérí fìlà tuntun, ó fi ẹsẹ̀ rìn. Ọ̀nà Òṣogbo gba Ìlobù kọjá.

Bàbá Ládánì jókòó lórí ẹní níwájú ilé, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Nígbà tó máa gbójú sókè, ọkùnrin kan ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú rẹ̀, àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí lo wá ṣe níbí, ọmọ Ìfọ́n?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Wọ́n kọ ìwé sí mi láti ilé yìí, n kò mọ̀ ọ́n kà." Ó na bébà sí i.

"Ìwé òyìnbó kò yé mi. Ìwọ lo lọ sílé-ìwé."

"Ojú mi rí i, sà. Ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló lè kà á. Bí ó bá ní kí n máa lọ, n ó lọ, ẹ ò sì ní í rí mi mọ́."

Bàbá Ládánì wo bébà náà pẹ́. "Mọ́ríátù!"

Ó jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Ó rí àpótí. Ó kúnlẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí lo kọ? Kà á kí n gbọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fojú inú wò ó. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Bí ó bá kà á lọ́nà kan, inú bàbá á dùn, ọ̀rọ̀ á parí. Bí ó bá kà á lọ́nà kejì, ó ti ṣàìgbọràn sí bàbá lójú bàbá. Ó rántí kóòtù, ó rántí ẹnìkan tó wo lẹ́tà mẹ́jọ, tó sì mú èyí tó máa dun òun fúnra rẹ̀.

"Má lọ," ó wí. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Má lọ ni mo kọ, Bàbá. Ẹ dárí jì mí."

Ọlábánjí kò lè gbé ojú kúrò nílẹ̀. Bàbá Ládánì ń yí tẹ̀sùbáà, hóró kan, hóró kan.

"Ọjọ́ tí wọ́n ní kí o ka pátákó," ó wí níkẹyìn, "ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ó bà mí, sà. Ó ṣì ń bà mí báyìí."

"Ó ń ba èmi náà. Ilẹ̀ ààlà wà níbẹ̀, ìyá rẹ wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. A ó máa mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ lo fi gba ohùn mi padà fún mi. N kò lè fi ohùn yẹn kan náà sọ fún ọ pé máa lọ." Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí àpótí. "Gbé e wọlé. Mọ́ríátù, fún ọkọ rẹ lómi."

Mọ́ríátù sáré lọ bu omi wá. Ọlábánjí dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì gbàgbé láti dìde.

"Ó tó," bàbá wí. "Wọ́n ti dá pátákó yẹn padà sídìí ààtàn. Lọ́la, mú ọ̀dà kí o lọ tún un kọ, kó tó tún kó arúgbó mìíràn sí wàhálà."

"Bàbá," Mọ́ríátù wí, ẹ̀rín ti ń já lẹ́nu rẹ̀ láàárín ẹkún, "tó bá ti tún un kọ tán, kí ni á máa rí wí nígbà tó bá ń bọ̀?"

"Á ní òun wá kí àna òun."